Bí ẹ ṣe lè ṣe òrùlé iléèwé tó yàtọ̀, tí ọmọ á sì gbọ́ tíṣà lábẹ́ ẹ̀ tí òjò bá ń rọ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú kọmítì tó fẹ́ kọ́ kíláàsì fún iléèwé, ẹ̀yin ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ jáde, àti ẹ̀yin káfíńtà bíi tèmi, ẹ kúuṣẹ́ o. Iṣẹ́ òrùlé ni mò ń ṣe jẹun nílùú Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ó ti lé lógún ọdún, mo ti kan páànù sórí ilé gbígbé, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀bù, àmọ́ tí wọ́n bá ti pè mí sí iléèwé, ọkàn mi máa ń yàtọ̀. Mo ṣì rántí kíláàsì tí èmi fúnra mi ti ka Prámárì Fọ́ọ̀. Páànù nìkan ló wà lórí wa, kò sí àjà kankan lábẹ́ ẹ̀, tó bá ti di aago méjìlá ọ̀sán nínú oṣù kẹta, gbogbo wa á máa fi ìwé fẹ́ ara wa, òógùn á máa kán sórí ohun tá a kọ, tí òjò bá wá dé, tíṣà á gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, wọ́n á lọ jókòó, torí bó ti wù kí wọ́n kígbe tó, ẹni tó wà ní bẹ́ńṣì iwájú gan-an ò ní gbọ́. Bí òjò bá fi wákàtí kan rọ̀, wákàtí kan lọ nìyẹn. Mo máa ń ronú iye ẹ̀kọ́ tí òjò gbà lọ́wọ́ wa.

Lóde òní àwọn èèyàn ti ń fẹ́ kí iléèwé àwọn ní òrùlé tó dá yàtọ̀. Wọ́n á gbé fóònù wá, wọ́n á fi fọ́tò hàn mí, èyí rí bí ìyẹ́ ẹyẹ, tọ̀hún rí bí ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n dà dé. Ó dáa, èmi náà fẹ́ kí ọmọ jìnnà réré kó tọ́ka sí ilé kan kó ní iléèwé mi nìyẹn. Àmọ́ ìbéèrè kan ni mo máa ń kọ́kọ́ bi wọ́n: tí òjò bá ń rọ̀, ṣé ọmọ tó wà lẹ́yìn pátápátá á gbọ́ tíṣà? Tẹ́ ẹ bá ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ohun tó máa mú kí òrùlé yẹn yàtọ̀ á jáde fúnra ẹ̀, ẹ ò ní wá a lọ síbì kan.

Ẹni tó là mí lójú sí ọ̀rọ̀ yìí ni Francis Kéré, ọmọ abúlé Gando ní Burkina Faso. Iṣẹ́ káfíńtà ló kọ́kọ́ bá lọ sí Jámánì ní 1985 kó tó padà wá kọ́ iṣẹ́ akitẹ́ẹ̀tì, ẹ ò rí i pé ẹgbẹ́ wa ni. Ní 2001 wọ́n parí iléèwé prámárì tó yà fún abúlé ẹ̀. Amọ̀ tí wọ́n pò mọ́ sìmẹ́ńtì díẹ̀ ni wọ́n fi ṣe búlọ́ọ̀kù ògiri, búlọ́ọ̀kù amọ̀ náà ni wọ́n tò sókè tí wọ́n fi ṣe àjà, wọ́n wá gbé páànù kúrò lórí àjà yẹn, wọ́n gbé e sókè réré, irin róòdù tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn bíríkìlà ń lò ni wọ́n jó pọ̀ láti fi gbé e dúró. Tẹ́ ẹ bá wo fọ́tò ẹ̀, ẹ máa rò pé páànù yẹn ń fò lórí ilé ni. Àwọn ará abúlé ló kọ́ ọ, ọmọdé ń kó òkúta, obìnrin ń pọnmi. Ilé yẹn gba àmì ẹ̀yẹ Aga Khan ní 2004, nígbà tó di 2022 wọ́n fún Kéré ní Pritzker tó jẹ́ àmì ẹ̀yẹ tó ga jù fún àwọn akitẹ́ẹ̀tì, òun sì ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó máa gbà á. Páànù tí gbogbo wa mọ̀ yìí náà ló lò o! Ibi tó gbé e sí ló yàtọ̀.

Ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́ ò le. Páànù tí oòrùn pa láti àárọ̀ ò ṣe é fọwọ́ kàn, ooru yẹn á wá máa rọ̀ sísàlẹ̀ sórí àwọn ọmọ. Tí àjà bá wà láàárín, àjà ló máa gba ooru yẹn fún wọn, tí àlàfo tó tóbi bá tún wà láàárín àjà àti páànù tí atẹ́gùn ń gba ibẹ̀ wọlé tó ń gba ibẹ̀ jáde, atẹ́gùn á máa gbé ooru yẹn lọ. Ohun tó ń ba tiwa jẹ́ níbí ni pé a máa ń fi pákó dí gbogbo etí òrùlé pa, ooru á wá há sókè àjà, títí ilẹ̀ á fi ṣú ni yóò máa sọ̀ kalẹ̀. Ti ariwo òjò náà bẹ́ẹ̀ ni, bó bá kúrò lára páànù tó gba àlàfo kọjá tó tún gba ara pákó àjà, agbára ẹ̀ á ti dín gan-an. Kò lè tán pátá, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣèlérí ìyẹn fún yín, àmọ́ tíṣà á lè máa bá iṣẹ́ lọ.

Ó yá, iṣẹ́ ọ̀hún rèé. Kẹ́ ẹ tó ra ìṣó kan, ẹ lọ dúró lórí ilẹ̀ yẹn láàárọ̀, kẹ́ ẹ tún lọ nírọ̀lẹ́, kẹ́ ẹ wo ibi tí oòrùn ń gbà. Ògiri gígùn tó ní fèrèsé ni kó kọjú sí àríwá àti gúúsù, kí orí ilé, ìyẹn ògiri ìpẹ̀kun méjèèjì tó kúrú, kọjú sí ìlà oòrùn àti ìwọ̀ oòrùn, oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ ò ní rójú fèrèsé wọlé bá ọmọ. Ẹ tún bi àwọn àgbà àdúgbò pé níbo ni ìjì máa ń gbà wọ ibẹ̀. Ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò, tinú oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, apá ìlà oòrùn ló sábà máa ń gbà dé ọ̀dọ̀ wa, ẹ̀yin náà ẹ máa wò ó, sánmà á kọ́kọ́ dúdú lápá ibẹ̀, eruku á gbéra, gbogbo aṣọ tá a sá á ti fò lọ kí ẹ̀kán òjò kan tó bọ́. Torí náà orí ilé tó wà lápá ìlà oòrùn nìjì máa kọ́kọ́ bá, ibẹ̀ lẹ gbọ́dọ̀ dè jù.

Ẹ jẹ́ ká fi kíláàsì mẹ́ta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ṣàpẹẹrẹ, tí fífẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 24, tí gígùn ẹ̀ jẹ́ 30. Ìdajì fífẹ̀ ẹ̀ jẹ́ 12. Ẹ jẹ́ kí góńgó òrùlé fi ẹsẹ̀ 4 ga ju etí ẹ̀ lọ, omi á máa sáré bọ́ sílẹ̀ dáadáa, ìjì ò sì ní rí i bí ògiri kọlù. Tó bá tẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, omi á máa rọ́ sẹ́yìn sábẹ́ ibi tí páànù ti gorí ara wọn, á máa jò. Lẹ́yìn ilé, ẹ jẹ́ kí etí òrùlé yọ síta tó ẹsẹ̀ 4 kó bo fèrèsé, níwájú ẹ jẹ́ kó borí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ní òpó. Ẹ gbé pílánnì náà fún ẹnjiníà kó fọwọ́ sí ìwọ̀n pákó àti irin, pàápàá tí gbàgede tó gbòòrò bá wà níwájú ilé, ọmọ àwọn èèyàn ló fẹ́ wà lábẹ́ ẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kà jù nìyí. Lọ́dún kẹta tí mo gba fírídọ́ọ̀mù, mo kan òrùlé kíláàsì méjì fún iléèwé kan, mo kàn án dáadáa, mo lo ìṣó tó pọ̀, ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ gan-an wá wò ó wọ́n yìn mí. Inú oṣù kẹrin ọdún tó tẹ̀ lé e, ìjì kan jà lóru Sátidé, nígbà tí wọ́n pè mí láàárọ̀ Sọ́ńdè mo bá òrùlé mi nínú pápá, ó dojú dé lẹ́bàá igi máńgòrò. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. Páànù ò yọ lára pákó. Ìṣó kan ò jáde. Òrùlé odindi ló gbéra, tòun ti pákó tó dùbúlẹ̀ sórí ògiri, torí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ni mo fi so pákó yẹn mọ́ búlọ́ọ̀kù, búlọ́ọ̀kù òkè pátápátá sì ni gbogbo òrùlé mi dì mú. Ọlọ́run ló ní kó jẹ́ òru, ká ní ọjọ́ Mọ́ńdè aago mẹ́wàá ni, mi ò mọ ojú tí màá fi wo àwọn òbí yẹn. Mo tún un ṣe lówó ara mi. Látìgbà yẹn, kí n tó wo òkè mo máa ń kọ́kọ́ wo orí ògiri.

Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe rèé: ẹ jẹ́ kí bíríkìlà da kọnkéré tó ní irin nínú yí orí ògiri ká, kó so gbogbo ilé pọ̀ bí ìgbànú. Níbi gbogbo tí igi òrùlé, ìyẹn àwọn pákó tá a kàn pọ̀ bí onígun mẹ́ta láti gbé páànù, bá ti máa jókòó, ní ẹsẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin, kí ó ri irin róòdù 12mm mọ́nú kọnkéré náà nígbà tó ṣì tútù, kó kọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ mọ́ irin inú, kó jẹ́ kí orí ẹ̀ yọ sókè. Ẹ lu ihò sí pákó orí ògiri, kí irin náà gba inú ẹ̀ yọ, kẹ́ ẹ wá fi nọ́ọ̀tì àti wáṣà ńlá dè é mọ́lẹ̀. Wẹ́dà á bá yín gé ojú ẹ̀ tí nọ́ọ̀tì á fi wọ̀ ọ́. Tí owó ò bá tó nọ́ọ̀tì, ẹ tẹ irin náà borí pákó kẹ́ ẹ fi ìṣó ńlá kọ́ ọ mọ́ ọn. Igi òrùlé fúnra ẹ̀ náà, ẹ fi irin pẹlẹbẹ so ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mọ́ pákó orí ògiri yẹn. Òrùlé tó gbé sókè tí atẹ́gùn ń wọ abẹ́ ẹ̀ bí eléyìí, ìjì á máa tì í látìsàlẹ̀, nítorí ẹ̀ ìdè ẹ̀ gbọ́dọ̀ ju ti òrùlé lásán lọ.

Ti pákó, tẹ́ ẹ bá rí apá tàbí ìrókò rà ẹ ṣeun, àfàrà náà dáa tó bá ti gbẹ tẹ́ ẹ sì pa oògùn sí i. Ẹ má gba pákó tútù lọ́wọ́ àwọn ará sọ́míìlì nítorí pé ó dínwó. Ẹ gbé ọ̀kan lé èjìká, tó bá wúwo bí ẹní ru omi, ẹ dá a padà. Ẹ tún wò ó lójú gígùn ẹ̀, kẹ́ ẹ fi ojú kan ṣọ́ ọ láti ìdí dé orí bẹ́ ẹ ṣe ń wo ọ̀pá ìbọn, èyí tó bá ti ṣẹ́ kọ́rọ́ ẹ yọ ọ́ sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ kékeré. Ẹ tò wọ́n síbi ibòji fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́rin, kẹ́ ẹ fi igi wẹ́wẹ́ sáàárín wọn kí atẹ́gùn lè kọjá. Oògùn ikán, ẹ má kàn fi kùn ún lára, ibi tẹ́ ẹ bá ti fi ayùn gé e lẹ gbọ́dọ̀ rì bọnú oògùn, orí ibi tí wọ́n gé yẹn ni ikán máa ń gbà wọlé jù.

Tí pákó bá ti gbẹ, ẹ má lọ máa kan igi òrùlé lọ́kọ̀ọ̀kan sókè. Ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti kàn án. Ẹ wá ibi tó tẹ́jú, ẹ fi okùn àti ẹfun ya odindi rẹ̀ sílẹ̀: pákó ìsàlẹ̀ 2 by 6 tó máa ti ògiri dé ògiri, tó sì máa gbé àjà, ní ìkángun méjèèjì, igi kúkúrú tó nàró níwọ̀n ínǹṣì 18, pákó òkè méjèèjì máa tibẹ̀ gòkè lọ pàdé ní góńgó, òpó àárín, lẹ́yìn náà àwọn igi ẹ̀gbẹ́ tó dábùú kó lè di onígun mẹ́ta mẹ́ta. Ínǹṣì 18 tó nàró yẹn ni àṣírí gbogbo òrùlé yìí, òun ló gbé páànù kúrò lórí àjà, ẹnu ọ̀nà atẹ́gùn nìyẹn. Èyí tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ kàn ni bátànì, orí ẹ̀ lẹ ti máa kan gbogbo ìyókù, ọ̀kan ò ní ju ọ̀kan lọ.

Kẹ́ ẹ tó gbé wọn sókè, ẹ wọn ilé látigun dé igun tó kọjú sí i, lọ́nà méjèèjì. Tí téèpù bá sọ nǹkan kan náà lọ́nà méjèèjì, igun ilé gún. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ pe bíríkìlà lọ́jọ́ náà kẹ́ ẹ jọ sọ ọ́, torí òrùlé ò lè tún ògiri tó wọ́ ṣe, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ni pé páànù á máa jìnnà sí etí bẹ́ ẹ ṣe ń tò ó lọ. Ọjọ́ tí iléèwé wà ní họ́lídè ni kẹ́ ẹ gbé igi sókè. Bẹ́ ẹ bá ti gbé méjì dúró, ẹ ti fi igi dábùú so wọ́n pọ̀, ẹ má gbé mẹ́fà sílẹ̀ lófìfo kẹ́ ẹ lọ jẹun, ẹ̀fúùfù kékeré á tì wọ́n lura wọn.

Tó bá jẹ́ iléèwé àtijọ́ lẹ fẹ́ tún ṣe, ẹ wo àjà tó wà níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́, àsìbẹ́sítọ́ọ̀sì ni wọ́n fi ṣe àjà wọn, eruku ẹ̀ burú fún ẹ̀dọ̀fóró, àìsàn tó sì ń fà lè má yọjú títí ogún ọdún. Ẹ má fi ayùn rẹ́ ẹ, ẹ má fọ́ ọ, ẹ bomi rin ín dáadáa kẹ́ ẹ tó tú u lódindi, ẹ bo imú, kẹ́ ẹ di í sínú ọ̀rá tó nípọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé kí àwọn ọmọ iléèwé wá bá yín kó o.

Àjà tuntun, pákó arère ló wù mí jù, ó fúyẹ́, ó mọ́ lójú. Ibí ni àríyànjiyàn máa ń wà. Tẹ́ ẹ bá fi àlàfo sí gbogbo ara àjà, ooru á tètè jáde ṣùgbọ́n ariwo òjò á gba ibẹ̀ wọlé, tẹ́ ẹ bá sì dí i pa, kò ní pariwo ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ gbígbóná inú kíláàsì ò ní rọ́nà lọ. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo máa ń dí gbogbo ẹ̀ pinpin, mo wá fi ojú méjì sílẹ̀ tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ kan, tó gùn láti ìbẹ̀rẹ̀ kíláàsì dé òpin, ọ̀kan lápá fèrèsé iwájú, ọ̀kan lápá ẹ̀yìn. Ibi tí tíṣà ń dúró sí ò sí lábẹ́ ìkankan nínú wọn. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì onírin tí ojú ẹ̀ kéré bo ojú méjèèjì, bo ínǹṣì 18 tó wà ní etí òrùlé, bo orí ilé lápá méjèèjì. Ẹ má fi nẹ́ẹ̀tì yìí falẹ̀ rárá. Tí àdán bá fi ọjọ́ méjì péré ríbi wọlé, wọ́n á sọ ọ́ di ilé, òórùn ìgbẹ́ wọn ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè jókòó síbẹ̀, lílé wọn jáde sì ṣòro ju kíkan òrùlé lọ.

Àwọn kan á ní gbogbo èyí dáa, ṣùgbọ́n ó ti rí bí ti Burkina, kí ló máa fi hàn pé ilẹ̀ Ọ̀yọ́ nilé yìí wà? Ìbéèrè tó tọ́ ni. Ẹni tó bá ti dé Ààfin Ọ̀yọ́ á ti rí kọ̀bì, òrùlé ṣóńṣó tó yọ síwájú lára ilé, tí òpó gbé e dúró, ilé ọba la fi ń mọ̀ láyé àtijọ́, koríko bẹẹrẹ ni wọ́n fi ń bò ó. Mo gbà pé ibi tí ọmọ ti ń kàwé yẹ níbi tá a lè yẹ́ sí bẹ́ẹ̀, mo kọ́kọ́ lọ bi àwọn àgbà, wọ́n ní kò sóhun tó burú. Nítorí náà, níwájú kíláàsì àárín, mo máa ń jẹ́ kí òrùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀ yọ kọ̀bì kan jáde, ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ 10, góńgó ẹ̀ ga ní ẹsẹ̀ 5 sókè etí, ó dúró ṣánṣán ju òrùlé ńlá lọ. Òpó méjèèjì tó gbé e, kí wọ́n jẹ́ pákó líle, tẹ́ ẹ bá rí agbẹ́gilére kan nítòsí kó fín nǹkan sí i lára, inú àwọn ọmọ á dùn sí i. Ẹ má fi koríko bò ó o, iná ò lọ́rẹ̀ẹ́, páànù náà ni.

Àmọ́ ibi tí kọ̀bì ti bá òrùlé ńlá pàdé máa ń ṣe bíi kòtò lápá ọ̀tún àti lápá òsì, gbogbo omi òrùlé méjèèjì ló máa rọ́ síbẹ̀. Mo ti rí òrùlé tó rẹwà tó jẹ́ pé ibẹ̀ nìkan ló ń jò, ibẹ̀ nìkan náà ló sì ba gbogbo àjà jẹ́. Ẹ fi pákó tẹ́ ìsàlẹ̀ kòtò yẹn pẹrẹsẹ, ẹ tẹ́ páànù pẹlẹbẹ odindi sí i, kó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ méjì, kẹ́ ẹ ṣẹ́ etí ẹ̀ méjèèjì sókè díẹ̀ kí omi má baà fò kọjá. Páànù òrùlé ńlá àti ti kọ̀bì á wá nasẹ̀ wọnú ẹ̀ ní ínǹṣì mẹ́fà lápá kọ̀ọ̀kan. Kò gbọdọ̀ sí ìṣó kankan láàárín kòtò náà, etí nìkan.

Ó ku páànù. Àlúmíníọ̀mù 0.55mm dáa ju 0.45mm lọ, ìjì ò tètè ń ká a, ariwo òjò lórí ẹ̀ sì nípọn díẹ̀, kì í dún ṣánṣán bíi ti tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ ra àwọ̀ tó mọ́lẹ̀, funfun tàbí bíi eérú, dúdú àti pupa tó jinlẹ̀ máa ń gba ooru mọ́ra. Apá ìwọ̀ oòrùn ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí tò ó, kẹ́ ẹ máa bọ̀ lápá ìlà oòrùn, kí èyí tó ń bọ̀ máa gorí èyí tó wà nílẹ̀, ìjì tó ń bọ̀ láti ìlà oòrùn ò ní rí etí páànù kì mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kó gorí ara ẹ̀ ní ìgbì kan ààbọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ínǹṣì mẹ́fà nísàlẹ̀. Orí ìgbì ni ìṣó ń wọ̀, kò gbọdọ̀ wọnú kòtò ibi tí omi ń ṣàn, kó sì ní rọ́bà lọ́rùn. Ẹ má lù ú títí rọ́bà á fi ya, ẹ má jẹ́ kó tú. Ní gbogbo etí àti ní góńgó, ẹ jẹ́ kí ìṣó súnmọ́ra ju ti àárín lọ, pàápàá lápá ìlà oòrùn tí mo ti wí.

Nísàlẹ̀, ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ á máa gbẹ́ ilẹ̀ tó bá ń bọ́ sójú kan náà lójoojúmọ́ òjò, ẹ da kọnkéré tàbí kó òkúta síbẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ fi gọ́tà gbà á sínú táńkì tí àwọn ọmọ á fi máa fọwọ́.

Tí òjò àkọ́kọ́ bá wá ń rọ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti parí, ẹ má sá lọ sílé. Ẹ wọnú kíláàsì, kẹ́ ẹ ní kí ẹnì kan dúró níbi pátákó ìkọ̀wé kó máa ka ìwé bí tíṣà ṣe máa ń kà á, kẹ́ ẹ̀yin lọ jókòó sórí bẹ́ńṣì ẹ̀yìn pátápátá lápá fèrèsé, kẹ́ ẹ mú bírò dání kẹ́ ẹ máa kọ ohun tẹ́ ẹ bá gbọ́. Ẹ wo òkè náà, pàápàá igun kọ̀bì méjèèjì, tí pákó àjà bá ti ń ṣe bí ẹní láàgùn níbì kan, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i, kẹ́ ẹ tó gbàgbé ojú ibẹ̀. Kẹ́ ẹ padà gorí ẹ̀ tí ilẹ̀ bá gbẹ.